Aago Tí Wọ́n Ní Ó Lọ sí Òṣùpá

Bàbá Aláago fi irinṣẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ṣí ẹ̀yìn aago ọwọ́ náà, ó gbé e sábẹ́ iná, ó sì fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá bo ojú kan. Awádìí, ọmọ àbúrò rẹ̀ obìnrin, jókòó lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń na ọrùn bí ẹni tó fẹ́ wo ìsàlẹ̀ kànga.

"Ta ló ni aago yìí?"

"Ọ̀rẹ́ mi tí à ń pè ní Òṣùpá ló ni ín, Bàbá. Aago bàbá rẹ̀ tó kú ni. Àwọn tó lọ sí òṣùpá láyé àtijọ́ ló dè é lọ. Ọ̀kan nínú wọn ló fi ta bàbá rẹ̀ lọ́rẹ, nígbà tí bàbá náà ń ṣiṣẹ́ iná ní ibùdó tí wọ́n ti ń gbọ́ ohùn àwọn ọkọ̀ tó lọ sókè."

Bàbá Aláago mí kanlẹ̀. "Bátìrì rẹ̀ ló kú tó fi dákẹ́. Bẹ́ẹ̀, aago tí à ń fọwọ́ yí ni àwọn èèyàn wọ̀nyẹn dè lọ. Irú ẹ̀rọ tó wà nínú èyí, ẹ̀yìn wọn ló dé."

"Ṣé ayédèrú ni, Bàbá?"

"N ò sọ bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ti pààrọ̀ inú rẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé kò kúrò lórí ilẹ̀ yìí rí. Èmi ò sí níbẹ̀." Ó fi bátìrì tuntun sí i, ó dé e padà, ó sì fi aṣọ nu gíláàsì rẹ̀. "Ìwọ ni ọmọ náà fọkàn tán, ìwọ náà ni kó o sọ fún un. Lọ bá ìyá rẹ̀ nílé, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ sọ ọ́ fún un. Má ṣe sọ ọ́ láàárín èrò o. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́."

"Mo ti gbọ́, Bàbá." Lọ́jọ́ náà, ó wà lọ́kàn rẹ̀ lóòótọ́ láti ṣe bẹ́ẹ̀.

Àwọn ọmọ kíláàsì ló sọ àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì lórúkọ. Wọ́n ń pe ọ̀kan ní Awádìí torí pé olùkọ́ kì í tíì sọ̀rọ̀ parí tí yóò ti nawọ́ sókè láti béèrè ìdí. Wọ́n ń pe èkejì ní Òṣùpá torí pé ọjọ́ kan kò lè lọ kó má mẹ́nu ba aago bàbá rẹ̀. Láti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Nígbà tí bàbá Òṣùpá kú lọ́dún tó kọjá, Awádìí ló ń lọ sùn tì í títí oorun fi padà sí i lójú. Nígbà tí aago náà wá dákẹ́, ṣe ni Òṣùpá sunkún bí ẹni tí bàbá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Awádìí ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, tó ní kó má mikàn, ẹ̀gbọ́n ìyá òun yóò tún un ṣe.

Lọ́jọ́ kejì tí Bàbá Aláago tún aago náà ṣe tán ni ọ̀rọ̀ yíwọ́. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì wọ kíláàsì, ó ní, "Òṣùpá ni yóò gbẹnu sọ fún ilé-ìwé wa níbi ìpàtẹ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ń bọ̀. Aago bàbá rẹ̀ la ó gbé sí àárín gbọ̀ngàn. Awádìí, ìwọ ni wàá máa tọ́jú àga."

Láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà ni Awádìí ti ń ka ìwé nípa òṣùpá. Ó ti ya ìràwọ̀ àti ọkọ̀ sórí páálí ńlá, ó ti há ọ̀rọ̀ tí yóò sọ níbi ìpàtẹ sórí. Ẹnì kan yí sí i láti iwájú, ó tẹrí ba, ó ní, "Alága, ẹ kú iṣẹ́ àga o." Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Awádìí náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ eyín lásán ló fi rín in.

Òṣùpá sáré dì mọ́ ọn. "Aago mi ńkọ́? Kí ni Bàbá Aláago wí?"

"Ó ní bátìrì ló kú," ni Awádìí dáhùn, ó sì na aago náà sí i.

Irọ́ kọ́ ló pa. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ló sọ, ó sì fi ààbọ̀ yòókù pamọ́ de ọjọ́ tí yóò wúlò fún un. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra, ṣùgbọ́n ìlara kì í jẹ́ kí ẹyẹ rí àyè náà.

Lọ́jọ́ ìpàtẹ, gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Òṣùpá dúró níwájú nínú aṣọ ilé-ìwé tó lọ̀ dáadáa, ó ń sọ bí bàbá rẹ̀ ṣe máa ń gun òkè láti tún iná ibùdó náà ṣe, àti bí àlejò kan ṣe bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀, tó ní, "Gbà, ìwọ lo jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohùn wa." Ọkùnrin kan láti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé jókòó níwájú, ó ń mirí. Nígbà tí Òṣùpá parí, olùkọ́ béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè.

Awádìí nawọ́ sókè.

"Aago tí à ń fọwọ́ yí ni àwọn tó lọ sí òṣùpá nígbà náà dè. Kí ló wá dé tí èyí fi ń lo bátìrì?"

Ọkùnrin ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà fi ohùn pẹ̀lẹ́ ní kí wọ́n jẹ́ kí òun wò ó. Ó ṣí i, ó wò ó, ó tún wò ó. "Ó dùn mí, ọmọ mi," ló sọ fún Òṣùpá. "Aago yìí kò dàgbà tó ìtàn tí o sọ."

Láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ni ẹ̀rín ti bẹ̀rẹ̀. "Òṣùpá ti wọ̀ o," ni ẹnì kan wí, ẹ̀rín náà sì gba gbogbo ilé.

Òṣùpá kò wo àwọn tó ń rẹ́rìn-ín. Awádìí ló ń wò. "O ti mọ̀," ló sọ, ohùn rẹ̀ kò ga. "Láti ọjọ́ tí o ti gbé e padà fún mi lo ti mọ̀." Ó jáde, kò sì dúró gba aago náà.

Olùkọ́ ní kí Awádìí bọ́ síwájú kó máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Ohun tó ti ń wá látọjọ́ yìí nìyẹn. Ó dúró níbẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ tó há sórí fò lọ, ó kàn gba aago náà lọ́wọ́ ọkùnrin náà, ó sì padà sí àyè rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, ó gbé aago náà lọ sílé Òṣùpá. Ìyá Òṣùpá, tó jẹ́ télọ̀, jókòó nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò rán nǹkan kan. Ìṣó nìkan ló kù lára ògiri níbi tí àwòrán bàbá ilé máa ń wà.

"Òṣùpá ti gbé e kúrò," ni obìnrin náà wí. "Ó ní òun ò fẹ́ rí òpùrọ́."

Awádìí kúnlẹ̀. Ìyá náà gba aago lọ́wọ́ rẹ̀, ó dì í mú.

"Nígbà tó wà ní kékeré, wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní ọsibítù. Ẹ̀rù oorun tí wọ́n máa fi oògùn kùn ún ló ń bà á. Ó ní, 'Màámi, bí mi ò bá jí ńkọ́?' Bàbá rẹ̀ jáde lọ ra aago yìí lọ́wọ́ ẹni tó ń tajà níwájú ọsibítù. Ó sọ fún un pé aago náà ti lọ sí ẹ̀yìn òṣùpá, níbi tí ohùn ẹnikẹ́ni ò dé, ó sì padà wálé. Ó ní kó dè é, ọmọ náà á sì padà bíi ti aago. Ó sì padà." Ó fi ìka nu ojú aago náà. "Lẹ́yìn náà, ojoojúmọ́ ló ń ní ká tún ìtàn náà sọ, bàbá rẹ̀ sì ń fi ti ibùdó àti ti àlejò kún un. Báwo la ṣe fẹ́ gbà á lọ́wọ́ ọmọ? Bàbá rẹ̀ ń dúró kó dàgbà. Èmi ń dúró kí ọgbẹ́ ikú bàbá rẹ̀ jinná díẹ̀. Ọmọ mi, ká ní o wá bá mi ni."

"Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ẹ sọ ọ́ fún un."

"Mo ti sọ ọ́. Ó ní bóyá irọ́ lèyí náà."

Ilẹ̀kùn yàrá ṣí, Òṣùpá yọ. Awádìí kò dìde lórí ìkúnlẹ̀. "Jọ̀ọ́, dárí jì mí."

"Ṣé irọ́ lo pa ni?"

"Rárá."

"Kí ni mo wá fẹ́ dárí jì ọ́? Òótọ́ lo sọ." Ó rọra ti ilẹ̀kùn. Ì bá tẹ́ Awádìí lọ́rùn kó gbá ilẹ̀kùn náà gbàà.

Nígbà tí sáà parí, Òṣùpá lọ ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ ní ìlú mìíràn, ó sì yí ilé-ìwé padà. Kò dágbére fún Awádìí. Ìyá rẹ̀ ní kò gbé àwòrán bàbá rẹ̀ dání, kò sì gbé aago.

Awádìí lọ jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún Bàbá Aláago, ó sì ń sunkún. Bàbá Aláago gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Òótọ́ tí o sọ kò lábùkù," ló wí. "Inú tí o fi sọ ọ́ ló lábùkù. O ò sọ ọ́ torí Òṣùpá. Torí ara rẹ lo ṣe sọ ọ́."

"Ṣé yóò tún bá mi ṣọ̀rẹ́, Bàbá?"

"N ò mọ̀, ọmọ mi. N ò ní tàn ọ́."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ẹ má torí rẹ̀ máa purọ́, torí irọ́ kì í tọ́jọ́, kódà irọ́ tí ìfẹ́ bí. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó la ẹnu sọ òótọ́ nípa ẹlòmíràn, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé: ṣé ire ẹni yìí ni mo ń wá, àbí ìṣubú rẹ̀? Òótọ́ tí ìlara bá gbé jáde, ọgbẹ́ rẹ̀ kì í tètè jinná. Awádìí mọ èyí báyìí, ṣùgbọ́n ẹni tó yẹ kó jàǹfààní ìmọ̀ náà ti lọ.