Ìwé Ìròyìn Tí A Fi Bo Àgbá Omi

Aránṣọ tí ilé rẹ̀ kọjú sí tèmi ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi. Orí maṣíìnì ló wà, kò gbójú sókè. Ó ní, "Ìwọ tó o hewú kó o tó mọ̀wé kọ, má fi ìmọ̀ náà yangàn lásán o. Kọ eléyìí sílẹ̀." Mo ní kò burú.

Lọ́dún tí ibà afọ́nilégungun wọ erékùṣù wa, àárọ̀ àárọ̀ ni ọkọ̀ ojú omi ń gbé ìwé ìròyìn wá. Ọkọ Aránṣọ, tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ṣe, a máa ra ọ̀kan, a jókòó sẹ́nu ọ̀nà, a sì kà á sókè fún gbogbo àdúgbò. Ìdí nìyẹn tá a fi sọ ọ́ ní Agbóhùnsáfẹ́fẹ́.

Á ní, "Èbúté ni àìsàn náà wà. Wọn ò dárúkọ ọ̀dọ̀ wa."

Bó bá kà á tán, ìyàwó rẹ̀ á fi ìwé náà bo àgbá omi ẹ̀yìn ilé, torí ìdérí àgbá ti sọnù. Gbogbo wa la ń ṣe bẹ́ẹ̀. Omi ẹ̀rọ kì í yọ déédéé, kò sílé tí kò tọ́jú omi. Bí ìwé àná bá rin, a ó tẹ́ tòní lé e.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọmọbìnrin wọn ti ilé ìwé dé, ó sì dùbúlẹ̀ sórí aṣọ tí ìyá rẹ̀ ń gé lọ́wọ́.

"Màmá, ẹ̀yìn ojú ń dùn mí. Gbogbo oríkèé mi bí ẹni tí wọ́n lù."

Ara ọmọ gbóná bí ààrò. Aránṣọ pariwo: "Bàbá ọmọ yìí, ṣé kì í ṣe ibà tẹ́ ẹ̀ ń kà fún wa nìyí?"

"Ọmọ yìí dé èbúté rí ni? Eré ló sá jù. Ẹ jẹ́ kí n ra oògùn ara ríro, èyí tó múná, tí mo máa ń lò bí mo bá gbé ẹ́ńjìnnì."

"Ẹ jẹ́ ká pe nọ́ọ̀sì ná."

"Tó bá ti dé ibí, ṣé wọn ò ní kọ ọ́ ni?"

Bàbá bá tirẹ̀ lọ ra oògùn. Bó ṣe ń padà bọ̀ ni ìyàwó rẹ̀ rí nọ́ọ̀sì tó ń kọjá, ojú rẹ̀ ti jìn sínú, ẹrẹ̀ kún bàtà rẹ̀. Ó sáré dì í lápá mú.

Nọ́ọ̀sì yẹ ọmọ wò, ó wo èrìgì rẹ̀. Ó wá rí oògùn lọ́wọ́ bàbá.

"Bàbá, ẹ dákun, ẹ má fún un nìyẹn. Irú rẹ̀ lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà lára ẹni tó ní ibà yìí. Parasitamọ́ ni kó lò, bí mo bá ṣe wọ̀n ọ́n. Kó máa mu omi dáadáa. Bí ara rẹ̀ bá sì tutù, ẹ má tíì jó o. Ìgbà yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ lajú sílẹ̀. Bí inú bá ń ro ó gan-an, tó ń bì ṣáá, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ yọ nímú tàbí lérìgì, ilé ìwòsàn ni o."

"Ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn ní..."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín ẹni tó ti rẹ̀. "Oníròyìn tó kọ ọ́ kò kọjá èbúté, bàbá. Ọkọ̀ tó gbé e wá ló gbé e padà. Ẹ̀fọn tó ń gbé ibà yìí kiri ò sì mọ̀wé kà, kò mọ ibi tí wọ́n ní kóun dúró sí. Omi yín dà?"

Wọ́n mú un lọ sẹ́yìn ilé. Àárín ìwé ìròyìn ti jìn sínú omi, ó ti ya. Nọ́ọ̀sì ṣí i, ó gbá àgbá pẹ́pẹ́. Ọmọ ẹ̀fọn bẹ̀rẹ̀ sí í jà ràìràì nínú omi tó mọ́ gaara. Ní ìsàlẹ̀ ìwé tó rin náà, wọ́n kọ ọ́ wínníwínní pé kí olúkúlùkù bo omi rẹ̀ pinpin. Agbóhùnsáfẹ́fẹ́ ò kà á dé ibẹ̀ rí. Iye aláìsàn àti ìjà àwọn ìjòyè ló máa ń kà.

Òun fúnra rẹ̀ ló da omi náà nù, tó fi búrọ́ọ̀ṣì ha inú àgbá. Ìyàwó rẹ̀ rán aṣọ àwọ̀n, ó fi rọ́bà sí etí rẹ̀ kó lè fún mọ́ ẹnu àgbá.

Nígbà tó yá, ara ọmọ tutù. Inú wa dùn, àfi bàbá rẹ̀, tó jókòó tì í. Bí ọmọ ṣe ní inú ń ro òun báyìí, ó gbé e pọ̀n, ó di ilé ìwòsàn. Omi ni wọ́n fà sí i lára. Ó padà wálé, ó rù hangogo, ṣùgbọ́n ó wálé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka èyí, ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá kọ orúkọ àdúgbò yín. Ẹ bo omi yín pẹ̀lú ohun tí ẹ̀fọn ò lè gbà wọlé. Ẹ máa da èyí tó ti pẹ́ nù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kẹ́ ẹ sì ha ara àgbá, ibẹ̀ ni ẹyin rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́. Ẹ̀fọn yìí a máa jẹni lọ́sàn-án, ẹ ta àwọ̀n bo ọmọdé àti aláìsàn tó bá ń sùn lójú mọmọ. Bí ibà bá dé, ẹ má dá oògùn ara ríro lò, ẹ lọ bá nọ́ọ̀sì.

Nígbẹ̀yìn, oníròyìn náà dé àdúgbò wa, ó gbé kámẹ́rà kọ́rùn.

Ó ní, "Ṣé ẹnì kan kú níbí?"

Aránṣọ ní, "Rárá o. Ọmọ mi ìbá kú, ṣùgbọ́n kò kú. Ẹ wá wo ìdérí tí mo rán fún gbogbo àdúgbò."

"Kò sẹ́ni tó kú rárá?"

"Kò sí."

Ọkọ̀ ń fọn fèrè ní èbúté. Oníròyìn wo aago rẹ̀, ó dé ojú kámẹ́rà, ó sì gba ọ̀nà omi lọ. Kò wẹ̀yìn wò.