Àtúnṣe Ojú Ayé Tí Wọ́n Ṣe sí Mọ́tò Alhaja Mùsítúrà

Ní ìlà àwọn tó ń ta sípíkà ní Ọjà Àlàbá, kò sẹ́ni tí kò mọ mọ́tò Alhaja Mùsítúrà. Mọ́tò sípọ́ọ̀tì ni, pupa, onílẹ̀kùn méjì, ó sì lọ sílẹ̀ débi pé ẹni tó bá fẹ́ wọ̀ ọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jókòó kó tó fa ẹsẹ̀ wọlé. Tòkunbọ̀ ni, àmọ́ ẹni tó mọ mọ́tò dáadáa nìkan ló lè mọ̀.

Àwọn èèyàn máa ń rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá rí ìyá tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó da ìborùn, tó ń ti inú irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ jáde. Kì í bínú sí wọn. Láti ìgbà tó ti wà lọ́mọge, tó ń ru páálí rédíò tẹ̀ lé àwọn oníbàárà dé ibi tí wọ́n páàkì sí, ni irú mọ́tò yẹn ti ń wù ú. Nígbà tó tọ́ àwọn ọmọ tán, tí òun àti ọkọ rẹ̀, Alhaji Ùsmán, sì ti kó dé ilé tiwọn ní Ìbà, ó rà á. Alhaji ní bọ́ọ̀sì ló yẹ kó rà, kó máa mówó wálé. Alhaja dáhùn pé òun ti ra bọ́ọ̀sì rí, kò dùn ún wà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń ti ọjà bọ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé Ìyànà-Ìbà, ọ̀kadà kan gba ọ̀nà òdì jáde síwájú rẹ̀. Ó yí sitíárìn kó má baà gbá a, ló bá kọlu kọnkéré tó wà láàárín títì. Iwájú mọ́tò wó wọlé lápá òsì. Báàgì afẹ́fẹ́ tó wà nínú sitíárìn tú jáde, òun ló gba àyà rẹ̀ dúró. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní ọsibítù, ara ríro nìkan ló ń ṣe é.

Stephen ni wọ́n gbé mọ́tò náà fún. Panẹ́bítà ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Okokomáíkò, òun ló sì ti ń bá Alhaji tún ara bọ́ọ̀sì ṣe láti ọdún gbọọrọ. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kò sì sẹ́ni tó pè é lólè rí. Sàmíát, àbígbẹ̀yìn Alhaja, dábàá pé kí wọ́n gbé mọ́tò náà lọ síbi tí wọ́n ti ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń na irin irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ tọ́. Ìyá rẹ̀ ní Stephen ti di ará ilé.

Ó kúkú bi Stephen léèrè. "Ṣé o ti ṣe irú eléyìí rí?"

"Alhaja, mọ́tò ni mọ́tò," ni Stephen wí. "Ẹ fọkàn balẹ̀."

Ọkàn Alhaja sì balẹ̀. Kò béèrè èwo nínú àwọn ẹ̀yà ara mọ́tò náà ni wọ́n máa pààrọ̀, èwo ni wọ́n máa nà. Kò sí ohunkóhun tí wọ́n kọ sílẹ̀. Gbogbo owó iṣẹ́ àti owó ẹ̀yà ara mọ́tò ló san kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ tó lọ gbé e, mọ́tò náà ń dán lójú oòrùn. Èèyàn lè wo ojú ara rẹ̀ nínú ọ̀dà náà. Alhaja fọwọ́ pa á lára yípo, ó ṣàdúrà fún Stephen, ó sì fún un ní nǹkan lé owó iṣẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kò sí ẹni tó wo abẹ́.

Kò pẹ́ tó fi ṣàkíyèsí pé tóun bá dẹ ọwọ́ lórí sitíárìn, mọ́tò náà máa ń fà sápá òsì. Táyà iwájú lápá yẹn ń jẹ ju èkejì lọ, ilẹ̀kùn sì ń fẹ́ kí wọ́n gbé e díẹ̀ kó tó pa dé. Ó pe Stephen lórí fóònù. Stephen ní iṣẹ́ tuntun ni, tó bá rìn díẹ̀ sí i, ara rẹ̀ á balẹ̀. Alhaja gbà á gbọ́, ó sì ń wà á lọ.

Òun àti Sàmíát ni wọ́n jọ wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ tí òjò kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Obìnrin kan tó mú ọmọ lọ́wọ́ sọdá níwájú wọn, Alhaja sì tẹ bíréèkì bó ṣe yẹ. Mọ́tò náà ò dúró síbi tó dorí kọ. Fúnra rẹ̀ ló yí bìrí, ó gun ẹ̀gbẹ́ títì níbi tí àwọn èèyàn dúró sí, tí wọ́n ń retí bọ́ọ̀sì. Gbogbo wọn fọ́nká. Ibi tó dúró sí, iwájú rẹ̀ ti kan tábìlì obìnrin kan tó ń ṣe pí-ó-ẹ́ẹ̀sì. Obìnrin náà ti ká ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sórí àga. Ó ń wo ẹnu mọ́tò yẹn. Alhaja sọ̀ kalẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ títí, ó sì bẹ gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀. Kò gbà láti wa mọ́tò náà mọ́. Wọ́n ní láti wá ọkọ̀ tó fà á délé.

Ọ̀rọ̀ náà di ìpàdé ní pálọ̀. Àsánì, àbúrò Alhaji tó ń ṣiṣẹ́ ní gáréèjì, ní ọ̀rọ̀ yẹn ò le. Òun mọ ọkùnrin kan tó ń wọ yunifọ́ọ̀mù. Bó bá mú ẹnì kan dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù Stephen, tí wọ́n dá a kúnlẹ̀ sínú oòrùn, tí wọ́n sì gbé ẹ̀rọ tó fi ń jó irin lọ, Stephen á wá owó jáde. Alhaji ò fara mọ́ ọn, àmọ́ kò sọ púpọ̀. Inú ṣì ń bí Alhaja. Ó ní kí Àsánì pe ọkùnrin náà.

Adérónkẹ́ ló dá wọn dúró. Ọmọ ẹ̀gbọ́n Alhaji ni, agbẹjọ́rò ni, ó sì ti pẹ́ tó ti ń bá àwọn aráàdúgbò yanjú irú ọ̀rọ̀ báyìí. Ìkíni ló bá wá lọ́jọ́ yẹn, nítorí ó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó jẹ́ kí Àsánì sọ tẹnu rẹ̀ tán.

"Alhaja, lónìí, ẹ̀yin ni wọ́n ṣẹ̀," ló wí. "Tí wọ́n bá lu Stephen, tí wọ́n sì gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ, lọ́la òun ló máa di ẹni tí wọ́n ṣẹ̀. Ẹ̀yin àti Bọ̀dá Àsánì ni ọlọ́pàá máa wá."

Alhaja ní kí lòun wá fẹ́ ṣe, ṣé kóun fọwọ́ lẹ́rán ni.

"Rárá. Ẹ ò tíì mọ ohun tó bà jẹ́ nínú mọ́tò yẹn. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, kí ẹlòmíì tó mọṣẹ́ sì fọwọ́ sí i. Ẹ má wà á mọ́. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú nǹkan kan lára rẹ̀ kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò."

Ó ṣàlàyé fún wọn pé òfin orílẹ̀-èdè yìí dúró ti oníbàárà. Ẹni tó bá gba iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ṣe é bó ṣe yẹ. Tí iṣẹ́ náà ò bá dáa, oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kó tún un ṣe, tàbí kó dá ìwọ̀n tó tọ́ padà nínú owó tó gbà. Kò dìgbà téèyàn bá mọ ẹni tó ń wọ yunifọ́ọ̀mù.

Alhaja ronú díẹ̀. Ó wá sọ fún Àsánì pé kó má pe ẹnikẹ́ni mọ́. Inú Àsánì ò dùn, ó ní Stephen á máa fi wọ́n rẹ́rìn-ín.

Wọ́n fi ọkọ̀ gbé mọ́tò náà lọ sí ilé iṣẹ́ kan ní Ọ̀jọ́, níbi tí wọ́n ti ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ara mọ́tò. Alhaja ní kí wọ́n fi gbogbo rẹ̀ han òun. Wọ́n ha ọ̀dà díẹ̀ kúrò lápá òsì, nísàlẹ̀ tí ojú kì í tó: pọ́tì ló kún abẹ́ rẹ̀, ìyẹn nǹkan bí amọ̀ tí wọ́n fi ń dí ojú ibi tó tẹ̀, ó sì nípọn bí àtàǹpàkò. Irin ńlá tó gbé iwájú mọ́tò náà ró ò tọ́. Ńṣe ni wọ́n jó irin mìíràn mọ́ ọn bó ṣe tẹ̀ yẹn. Ìdí nìyẹn tí mọ́tò fi ń fà, tó sì ń yí bí wọ́n bá tẹ bíréèkì.

Nígbà tó kan sitíárìn, ọ̀gá ibẹ̀ ṣí ìdérí rẹ̀. Tìmùtìmù ni wọ́n ki síbi tó yẹ kí báàgì afẹ́fẹ́ wà. Wọ́n gé wáyà iná tó yẹ kó máa kìlọ̀ fún awakọ̀, kó má baà tàn.

"Tí mo bá tún kọlu nǹkan ńkọ́?" ni Alhaja bi í.

"Kò sí ohun tó máa jáde, mà. Àyà yín ló máa bá sitíárìn."

Alhaja fọwọ́ sí àyà. Ó ní kí wọ́n ya fọ́tò gbogbo rẹ̀.

Adérónkẹ́ bá a kọ ọ̀rọ̀ ṣókí ránṣẹ́ sí Stephen, kò bú u, kò sì halẹ̀. Ó sọ ohun tí wọ́n rí, ó fi àwọn fọ́tò náà sí i, ó ní kó wá kí wọ́n jọ sọ ọ́. Stephen ò dáhùn. Nígbà tí wọ́n dúró títí tí wọn ò gbọ́ nǹkan kan, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ibi tí ìjọba ti ń làjà fún aráàlú lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ránṣẹ́ pe Stephen láti ibẹ̀, ó sì wá.

Ó kọ́kọ́ ní Alhaja ló ń wà á ní ìwàkuwà. Obìnrin tó ń là wọ́n ò bá a jiyàn. Ó kàn tẹ́ fọ́tò inú sitíárìn síwájú rẹ̀, ó ní kó ṣàlàyé èyí fáwọn. Stephen mú un, ó sì wò ó dáadáa.

"Mi ò ṣe irú rẹ̀ rí, Alhaja," ló wí níkẹyìn. "Ojú ló tì mí láti sọ bẹ́ẹ̀ fún yín. Mo wá báàgì yẹn lọ́jà, mi ò rí i, mo ní kí ojú ẹ̀ má kàn ṣí sílẹ̀."

"O mọ̀ pé èmi àti Sàmíát la máa jókòó sínú ẹ̀?"

Stephen tẹjú mọ́lẹ̀. Nígbà tó gbójú sókè, omijé ti wà lójú rẹ̀. Ó ní òun ò rò ó débẹ̀.

Alhaja náà gbà pé òun ò béèrè ohun tó yẹ kóun béèrè, pé nígbà tí mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí fà, ó yẹ kóun páàkì rẹ̀. Wọ́n fohùn ṣọ̀kan pé Stephen á dá owó iṣẹ́ padà díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú owó ẹ̀yà ara mọ́tò tó gbà tí kò rà. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i. Èyí tó gbẹ̀yìn pẹ́ díẹ̀, àmọ́ ó san án.

Ó wá ku mọ́tò. Àsánì mú oníbàárà kan tó fẹ́ rà á wá láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Múyìwá ni wọ́n ń pè é, ó fẹ́ fi ya ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu nítorí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ó rìn yí mọ́tò náà ká, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ọ̀dà rẹ̀ dáa. Àsánì ń ṣẹ́jú sí Alhaja. Ká sọ tòótọ́, ó wu Alhaja pé kí mọ́tò náà kúrò lójú òun. Àmọ́ ó pe ọ̀dọ́kùnrin náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan tìmùtìmù inú sitíárìn.

Múyìwá yọwọ́ kúrò lára mọ́tò náà bí ẹni tí nǹkan gbóná jó. Ó dúpẹ́, ó sì lọ. Ó ṣe díẹ̀ kí Àsánì tó bá Alhaja sọ̀rọ̀ dáadáa.

Ilé iṣẹ́ tó yẹ mọ́tò náà wò ló wá tún un ṣe. Ó gba àkókò. Kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, wọ́n kọ ohun tí wọ́n máa pààrọ̀ àti ohun tí wọ́n máa nà fún Alhaja, apá kan owó ló sì san. Ọjọ́ tó lọ gbé e, wọ́n ti nù ún, ó ń dán. Alhaja kò kọ́kọ́ wo ọ̀dà. Ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe dáadáa, ó kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì ní kí wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ mọ́tò náà fún òun. Ó wo irin náà láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ó ní kí wọ́n fi báàgì tuntun han òun kí wọ́n tó dé e pa, kí ọ̀gá ibẹ̀ sì jókòó ti òun káwọn wà á lọ wà á bọ̀, kóun tẹ bíréèkì dáadáa. Mọ́tò náà dúró síbi tó dorí kọ. Ìgbà yẹn ló san ìyókù owó, ó sì wà á lọ sílé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní mọ́tò, ìbáà jẹ́ sípọ́ọ̀tì, ìbáà jẹ́ bọ́ọ̀sì, ẹ bi ẹni tó fẹ́ tún un ṣe bóyá ó ti ṣe irú rẹ̀ rí, kẹ́ ẹ sì ní kó fi èyí tó ṣe hàn yín. Ẹ jọ kọ ohun tẹ́ ẹ bá sọ sílẹ̀, kódà bó jẹ́ orí fóònù. Ẹ má san gbogbo owó tán kí iṣẹ́ tó parí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbà á, ẹ mú ẹlòmíì tó mọṣẹ́ dání, kẹ́ ẹ wo abẹ́, kẹ́ ẹ sì béèrè báàgì afẹ́fẹ́ pàápàá, nítorí ojú ò lè rí i. Bó bá ń fà lẹ́yìn náà, ẹ páàkì rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Àwọn tó ń dúró de bọ́ọ̀sì lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ò mọ nǹkan kan nípa àtúnṣe yín.

Bí iṣẹ́ ò bá dáa, ẹ ya fọ́tò, kẹ́ ẹ fún ẹni tó ṣe é láyè láti tún un ṣe tàbí kó dá owó padà. Bó bá kọ̀, ẹ lọ sọ́dọ̀ àjọ tó ń gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà tàbí ibi ìlàjà ìjọba tó sún mọ́ yín. Ẹ má rán èèyàn lọ lu oníṣẹ́ ọwọ́. Ẹ má sì fi ọ̀dà dídán ta ewu fún ẹlòmíì.

Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́ náà, kò sí ìtìjú nínú kéèyàn sọ pé òun ò ṣe irú èyí rí. Ẹ tètè sọ ọ́, nígbà tí ẹni tó ni mọ́tò ṣì lè gbé e lọ síbòmíì.