Ibi tí Ìyáálé Ń Lọ ní Àlàmísì

Àárọ̀ Jímọ̀ ni Sabirah gbé Hafsoh, ọmọ rẹ̀, láti fún un lọ́mú, tó rí i pé ara ọmọ náà ti tutù. Ọmọ oṣù mẹ́ta ni. Kò wúkọ́, ara rẹ̀ kò gbóná. Ó mu ọmú sùn ni, kò sì jí mọ́. Kí wọ́n tó ti itẹ́ òkú dé, ojú àwọn ará àdúgbò ní Maitumbi ti wà lára ilẹ̀kùn Kàbírátù.

Kàbírátù ni ìyáálé Sabirah. Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ni kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó wọ̀ dojú dé, tó sì gbé e sọ sílẹ̀. Eegun kankan kò ṣẹ́, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ara ti ń jó o bí iná láti ìbàdí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ní ọsibítù, wọ́n ya fọ́tò eegun, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Wọ́n ní àwọn kò rí nǹkan kan. Láàárọ̀ mìíràn, kò ní lè dìde lórí ẹní. Lọ́jọ́ mìíràn, lọ́sàn-án gangan ni yóò ké bí ẹni tí wọ́n fi irin gbígbóná tẹ̀.

“Ìrora tí dókítà ò rí egbò rẹ̀, ẹ ò bi ara yín léèrè ibi tó ti wá?” Ìyá Àgbà, ìyá ọkọ wọn, ló ń wí bẹ́ẹ̀. “Ẹyẹ tí wọ́n bá sọ lókò lóru, ara ẹni tó rán an níṣẹ́ ló ń dùn láàárọ̀.”

Àwọn obìnrin Hausa tó wà nílé kejì kò tiẹ̀ fa ọ̀rọ̀ gùn: “Mayya ce.” Àjẹ́ ni.

Sabirah fẹ́ gbà á gbọ́. Ó ti pẹ́ tó ti ń jowú, kí ikú tó dé. Ràsákì ọkọ wọn, tó ń ṣe ọnà sí ọrùn bàbáríga, kì í jókòó ti máṣíìnì rẹ̀ láìkọ́kọ́ gbé omi gbígbóná lọ fún Kàbírátù. Kódà lọ́jọ́ tó bá jẹ́ ti Sabirah, tí igbe bá ti ta, yóò fò dìde. Oṣù mẹ́ta péré ni Sabirah fi pè é ní Bàbá Hafsoh. Ó tún ti padà di Bàbá Rahmah, orúkọ ọmọ Kàbírátù tó ń kàwé ní Ìlọrin.

“Ẹ máa lọ, ẹ lọ tọ́jú ẹ̀,” ni Sabirah wí láàárọ̀ ọjọ́ kan.

“Sabirah, ara ló ń dùn ún.”

“Èmi ńkọ́? Ta ló ti bi mí ibi tó ń dùn mí?”

Ràsákì dúró, korobá omi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kàbírátù tún ké, Ràsákì sì lọ bá a.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bí wọ́n ṣe ń múra ìrun mọ̀gàríbà, òwìwí kan bà sórí páànù yàrá Kàbírátù. Ìyá Àgbà ju òkò sí i. Bó ṣe fò lọ ni Kàbírátù figbe ta nínú yàrá. Orí Sabirah wú.

“Ṣé o gbọ́?” ni Ìyá Àgbà wí. “Ó sì ti di Àlàmísì méjì báyìí tó ń wọ híjáàbù kí oòrùn tó yọ, tó ń wọ́ ẹsẹ̀ jáde láìdágbére. Ẹni tí kò lè gbálẹ̀! Tẹ̀lé e lọ́tẹ̀ yìí. Tí o bá rí ẹgbẹ́ wọn, padà wá sọ ọ́ lójú mọ̀lẹ́bí. Àpótí rẹ̀ á ti wà lẹ́nu ọ̀nà.”

Sabirah rò ó: ilé kan, ìyàwó kan, ọkọ kan. Inú rẹ̀ dùn, ẹ̀rù ìdùnnú náà sì bà á.

Nígbà tí Àlàmísì pé, kẹ̀kẹ́ tí Sabirah wọ̀ tẹ̀lé ti Kàbírátù dé àdúgbò Nassarawa. Ìyáálé rẹ̀ wọ ilé kan tí kò ní pátákó orúkọ. Sabirah yọ́ lọ sídìí fèrèsé. Bí ènìyàn méjìlá, tọkùnrin tobìnrin, jókòó yí ká, wọ́n di ojú, wọ́n gbé ọwọ́ lé ikùn. Obìnrin kan dúró láàárín wọn, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Bó ṣe ń wí ni gbogbo wọn ń mí pọ̀.

Sabirah ti ilẹ̀kùn wọlé. “Ọwọ́ tẹ̀ yín! Ẹ̀yin àjẹ́! Ẹ fún mi lọ́mọ mi!”

Wọ́n lajú. Bàbá arúgbó kan fẹ́ dìde, ìrora dá a padà sórí àga. “Sannu, ọmọ mi,” ló wí, “pẹ̀lẹ́.” Omi ti kún ojú Kàbírátù. “Orogún mi ni,” ló wí.

“Dókítà Arifah ni mí,” ni obìnrin tó dúró wí. “Àbújá ni mo ti ń wá. Ìrora tó wọlé tí kò jáde mọ́ ni iṣẹ́ mi. Iṣan ìmọ̀lára ló farapa lára ìyáálé rẹ. Fọ́tò eegun kì í fi í hàn. A ń fún un ní oògùn rẹ̀, mímí tí o rí yìí náà sì wà lára ìtọ́jú.”

“Ó lé lọ́dún kan tí mo fi ń retí kó kàn mí,” ni Kàbírátù wí. “Ọ̀sẹ̀ tí a sin Hafsoh gan-an ni wọ́n pè mí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ya ẹnu sọ nínú ilé yẹn pé oríire dé bá mi?”

Dókítà fa àga fún Sabirah. “Sọ nípa ọmọ rẹ fún mi.”

Kò tíì sí ẹni tó bi í bẹ́ẹ̀ rí. Ó sọ ọ́ tán, ó sọkún tán. Dókítà ní, “Àwọn ọmọ ọwọ́ kan máa ń kú lójú oorun, níbi gbogbo láyé. A ò tíì mọ gbogbo ohun tó ń fà á. Ṣùgbọ́n a mọ̀ pé kì í ṣe ẹyẹ. Kì í sì í ṣe ẹ̀bi rẹ.”

Mọ̀lẹ́bí ti pé nígbà tí àwọn ìyàwó méjèèjì dé. Àpótí wà lẹ́nu ọ̀nà lóòótọ́. Ràsákì dìde, ẹsẹ̀ Kàbírátù ni ojú rẹ̀ kọ́kọ́ lọ. Sabirah rí i. Owú gbóná ní àyà rẹ̀ bíi ti àtẹ̀yìnwá.

“Ṣé o rí wọn?” ni Ìyá Àgbà bi í. “Mélòó ni wọ́n?”

“Wọ́n tó méjìlá.”

“Subhanallahi!” Gbogbo ilé ru. Kàbírátù di ara ògiri mú, ó ń wo Sabirah. Tí Sabirah bá dákẹ́ síbẹ̀, ó parí.

“Aláìsàn ni gbogbo wọn,” ni Sabirah wí. “Mo rí dókítà, mo rí oògùn. Mi ò rí àjẹ́ kankan.” Ó gbé àpótí náà fúnra rẹ̀, ó gbé e padà sí yàrá Kàbírátù.

Nínú yàrá, ó kọ ẹ̀yìn sí ìyáálé rẹ̀. “Mo ṣì ń jowú yín, Ìyá Rahmah. Mi ò ní purọ́ fún yín.”

“Mo mọ̀.” Kàbírátù rọra jókòó, ó fi eyín di ètè mú títí ìdí rẹ̀ fi kan ẹní. “Èmi náà ń jowú rẹ. Nígbà gbogbo tí o bá ń kírun, tí o foríkanlẹ̀, tí o sì dìde lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe, mo máa ń wò ọ́ láti ojú fèrèsé, mo máa ń jowú.”