Ọ̀gbẹ́ni Ibo-Ló-Ti-Wá àti Ọmọ Onígíláàsì

Ọjọ́ tí ìjì fọ́ gíláàsì ilé iṣẹ́ àwọn tó ń ṣe ìwé atúmọ̀-èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ìfẹ́ ráyè wọlé. Onígíláàsì tí wọ́n ránṣẹ́ pè rán ọmọbìnrin rẹ̀ wá. Ó gun àga, ó ń fi tépù wọn fèrèsé, ó há pẹ́ńsù sẹ́nu.

Ọ̀dọ́kùnrin kan jókòó nísàlẹ̀, láàrin òkìtì ìwé. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa wá orírun àwọn ọ̀rọ̀ tó ṣàjèjì. Nítorí ìbéèrè tí kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Ibo-Ló-Ti-Wá ni wọ́n ń pè é.

"Ẹ rọra o," ó ní. "Ojú afẹ́fẹ́ lẹ ń wọ̀n yẹn."

"Ojú kí ni?"

"Window. Àwọn atukọ̀ òkun láti àríwá ló gbé e fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Lédè tiwọn, ojú afẹ́fẹ́ ni."

Ọmọbìnrin náà yọ pẹ́ńsù lẹ́nu. "Áà! Gbogbo ọjọ́ tí mo ti ń bá bàbá mi ṣiṣẹ́, oníṣègùn ojú ni mí, n ò mọ̀!"

Fèrèsé tó yẹ kó parí lọ́sàn-án, ìrọ̀lẹ́ ló parí. Bí ẹ bá ní kí n wí, iṣẹ́ kọ́ ló pọ̀.

Láti ìgbà náà, wọn a máa jọ rìn relé bí ẹni ń rìn lójú àlá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, òjò àkọ́rọ̀ kan ilẹ̀ gbígbẹ, òórùn rẹ̀ gba gbogbo àdúgbò. Wọ́n yà sábẹ́ òrùlé ṣọ́ọ̀bù kan.

"Olólùfẹ́ mi, kí ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe òórùn yìí?"

"Petrichor. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì ni wọ́n so pọ̀: òkúta, àti omi tó ń ṣàn nínú iṣan àwọn òrìṣà wọn dípò ẹ̀jẹ̀."

Ọmọbìnrin náà dijú, ó fa òórùn náà símú. "Máa sọ ọ́ lọ. Bí o bá ń sọ̀rọ̀, ó ń ṣe mí bíi pé ilé ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba orúkọ ni."

Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ fẹ́ ọmọ, bàbá ọmọ ní í kọ́kọ́ kí. Ọ̀dọ́kùnrin náà bá bàbá ọmọbìnrin náà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, níbi tó ti ń fi ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń gé gíláàsì fa ilà. Bàbá ò gbójú sókè.

"Wọ́n ní o mọ ibi tí gbogbo ọ̀rọ̀ ti wá. Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́? Ibo lo ti wá?"

Ọ̀dọ́kùnrin náà sorí kọ́. "Ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí ni mo gbọ́njú sí, bàbá. Ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ ni wọ́n ti rí mi. Yàtọ̀ síyẹn, n ò mọ̀."

"Hẹn-ẹn. Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ló ń gbẹ. N ò lè fa ọmọ mi fún ẹni tí n ò mọ ìdílé rẹ̀. Máa lọ, ọmọ mi. Mi ò bínú sí ọ."

Ìbá sàn kó bínú. Bí ọ̀dọ́kùnrin náà ṣe yíjú padà, ọmọbìnrin náà ti dí ẹnu ọ̀nà.

"Bàbá mi, ẹ bi í pé ibo ni 'girl' ti wá, ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe irú èmi ọmọbìnrin yín."

"Kí ló kàn mí nínú ìyẹn?"

"Ẹ ṣáà bi í, ẹ jọ̀ọ́."

"Ó dáa. Ibo ló ti wá?"

"Kò sẹ́ni tó mọ̀ dájú, bàbá. Àwọn ọ̀mọ̀wé wá a títí, ó sú wọn."

"Ẹ wá yọ ọ́ kúrò nínú ìwé?"

"Rárá o! Kí làwọn Gẹ̀ẹ́sì ó wá máa pe ọmọbìnrin wọn?"

Bàbá nu gíláàsì ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀, ó wo àwọn méjèèjì láti inú rẹ̀, ó pẹ́.

"Ibi tí ò ń gbé, fèrèsé mélòó ló ní?"

"Ẹyọ kan ni, bàbá. Kékeré ni."

"Ọmọ mi ní ojú afẹ́fẹ́ lo pè é, àbí? Ojú kan ò tó ilé ẹni méjì." Ó na ọwọ́ sí ọmọ rẹ̀. "Mú tépù wá, ká lọ wọ̀n ọ́n."

Ọmọbìnrin náà há pẹ́ńsù sẹ́nu bó ti máa ń ṣe. Ẹ̀rín ò jẹ́ kí pẹ́ńsù náà dúró síbẹ̀.