Irin Ọrùn Ẹnu Ọ̀nà Ṣọ́ọ̀ṣì

Ìyá àgbà kan tó ń jẹ́ Ane dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, irin wà lọ́rùn rẹ̀, òjò ń pa á. Sidsel, ọmọ ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé. Kò lè wò ó lójú.

Ẹ̀ṣẹ̀ Sidsel ni. Lọ́jọ́ ìsinmi tó kọjá, òjò ṣú, ọkà wọn tí wọ́n ti gé sì wà nílẹ̀. Nígbà tí gbogbo abúlé wà nídìí ìwàásù, ó lọ kó o wọlé. Ọba Dẹ́máàkì sì ti ṣòfin pé ẹni tó bá ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ ìsinmi yóò wọ irin ọrùn. Wọ́n ní ọba náà a máa sunkún bó bá gbọ́ ìwàásù. Òun kan náà ló so àwọn ọmọkùnrin mọ́ oko olówó bí ẹran, tó ń kọ́ ààfin lórí ààfin. Ẹkún rẹ̀ kò nu ẹnikẹ́ni lójú.

Aládùúgbò kan rí gèlè lóko, kò rí ojú. Ọ̀sẹ̀ kan ló kù kí pásítọ̀ dán àwọn ọmọ wò fún ìgbọ́wọ́lé, tí a fi ń gbà wọ́n sínú ìjọ bí àgbà. Ẹni tí wọn kò bá gbọ́wọ́ lé kò gbọdọ̀ lọ́kọ. Òfin ọba nìyẹn náà. Pásítọ̀ kò sì ní gbọ́wọ́ lé ẹni tó bá wọ irin. Ilé wàrà olóko, níbi tí Sidsel ti ń wáṣẹ́, kò sì ní gbà á. Gunild ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kó di ẹ̀ṣẹ̀ náà ru ìyá àgbà.

"Arúgbó ni wọ́n. Ta ló tún fẹ́ fẹ́ wọn?"

Sidsel ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá àgbà gbọ́, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó tẹ̀ lé àwọn tó wá mú un lọ.

Nísinsìnyí, pásítọ̀ bi Sidsel ní ìtumọ̀ òfin tó kọ ẹ̀rí èké. Ó mọ̀ ọ́n lórí bí orúkọ ara rẹ̀. Ìyá àgbà wúkọ́ níta. Sidsel yíjú sẹ́nu ọ̀nà.

"Ṣé o ti gbàgbé ni?"

"N kò gbàgbé, Bàbá. Èmi ni mo kó ọkà. Mo purọ́ mọ́ ìyá àgbà."

Pásítọ̀ pa ìwé dé. Ìgbọ́wọ́lé di ọdún tó ń bọ̀. Gunild ló gba iṣẹ́ ilé wàrà.

Lọ́jọ́ ìsinmi kejì, Sidsel ló wà nínú irin. Ìyá àgbà kọ̀, kò wọlé, ó dúró tì í. Pásítọ̀ rán an létí pé ẹni tó bá pa ìsìn jẹ náà yóò jìyà.

"Ẹ kọ orúkọ mi sílẹ̀, Bàbá." Ó yíjú sí Sidsel. "Gbé àgbọ̀n rẹ sókè díẹ̀. Irin náà kò ní máa ha ọ́ lọ́rùn."

Irin ọba lè fa ọrùn dé ṣọ́ọ̀ṣì; kò lè fa ọkàn débẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òfin tilẹ̀ burú, ẹ̀yin ọmọ, a kì í fi ọrùn ẹlòmíràn gbé irin ẹni.