Ọmọ Ta Ló Ń Sunkún Yẹn?

Ọjọ́ tí màámi kọ́kọ́ fi "ẹ" bá ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀, ẹ̀rín la fi í rín.

Ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi ni. Ẹ̀gbọ́n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé tirẹ̀ dé, ó gbé àpò sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì kúnlẹ̀ kí màámi bó ti máa ń ṣe. Màámi wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ dìde, ẹ dákun. Ẹ wọlé." Wọ́n fi aṣọ nu àga tí àlejò máa ń jókòó sí, wọ́n sì lọ gbé ife onígíláàsì jáde, èyí tí ẹnikẹ́ni kì í fi mu omi nínú ilé wa àfi ará ìta.

A rò pé wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ni, torí ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan tó ti wá kí wọn, àti pé màámi fẹ́ràn láti máa fi èèyàn ṣeré. "Màámi, ẹ má bínú, iṣẹ́ ló pọ̀," lẹ̀gbọ́n mi wí.

Màámi fi ọwọ́ méjèèjì gbé omi fún un. "Kò sí wàhálà rárá," ni wọ́n wí. "Ta lẹ̀ ń wá?"

Ẹ̀rín kú mọ́ wa lẹ́nu.

Aránṣọ ni mí. Inú ilé màámi ni mo ń gbé, yàrá iwájú sì ni ẹ̀rọ ìránṣọ mi wà. Ẹ̀gbọ́n mi ló kàwé. Ọdún méjì péré ló fi jù mí lọ, a jọ dàgbà bí ìbejì ni, n kì í fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀ àyàfi tí mo bá fẹ́ tọ́ ọ níjà. Òun ni màámi fẹ́ràn jù, wọn ò sì fi pa mọ́. "Ojú mi" ni wọ́n ń pè é, àfi bíi pé èmi ni etí. Ilé ìwádìí ńlá kan ló ti ń ṣiṣẹ́, eku funfun ló sì ń sìn níbẹ̀.

Ó ti ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún mi rí. Ó ní nínú ara gbogbo ìyá, ì báà ṣe èèyàn, ì báà ṣe eku, ohun kan wà tí ọpọlọ máa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ tí ìyá bá bímọ tán. Họ́mónù ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń mú omi ọyàn sọ̀, òun náà ló ń mú kí ìyá gbóòórùn ọmọ kó sì mọ̀ pé tòun ni. Ohun mìíràn tún wà, ẹ́ńsáìmù, tó jẹ́ pé iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti máa jẹ họ́mónù náà kó má baà pọ̀ jù. Ẹ̀gbọ́n mi ti tọwọ́ bọ jíìnì àwọn eku rẹ̀, ìyẹn àṣẹ tí ọmọ ń jogún lára òbí, ó ti yí i padà tí ẹ́ńsáìmù náà ò fi sinmi mọ́. Kí họ́mónù tó dé ibi tó ń lọ, ẹ́ńsáìmù ti jẹ ẹ́ tán.

"Ìyá á bímọ," ló wí fún mi, "kò kàn ní mọ̀ ọ́n lọ́mọ ni."

Ó fẹ́ fi wá ìwòsàn fún àwọn obìnrin tí ọkàn wọn kì í fà sí ọmọ lẹ́yìn ìbímọ. Iṣẹ́ rere ni. Wọ́n ti fún un lámì-ẹ̀yẹ lórí ẹ̀.

Ṣáájú ọjọ́ ìsinmi tí mo ń sọ yìí, ó mú èmi àti màámi lọ wo ibi iṣẹ́ rẹ̀. Yàrá náà tutù, gbogbo rẹ̀ funfun, ó ń rùn bí ọṣẹ ilé ìwòsàn àti koríko gbígbẹ. Àgò oníke tò lórí pẹpẹ. Nínú ọ̀kan, mo rí àwọn ọmọ eku tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, wọ́n pupa, wọn ò nírun, ojú wọn ò tíì là, wọ́n fọ́n káàkiri orí èérún igi. Ìyá wọn ń rìn kọjá láàárín wọn. Kò bù wọ́n jẹ, kò sì sá fún wọn. Ó kàn ń tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ bí ẹni ń tẹ òkúta ojú ọ̀nà. Àwọn ọmọ náà ya ẹnu, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ nǹkan kan.

"Wọ́n ń sunkún," lẹ̀gbọ́n mi wí. "Ohùn wọn ló ga kọjá etí èèyàn." Ó fọwọ́ lé ẹ̀rọ kan, ó ní ẹ̀rọ náà máa ń fa ohùn wọn wálẹ̀ títí tí etí wa á fi lè gbà á. Ó tàn án.

Ara mi bù máṣọ. Igbe ọmọ jòjòló ló jáde, kì í sì í ṣe ti ẹyọ kan. Bí èyí bá dákẹ́ díẹ̀, òmíràn á gbà á.

Màámi di etí pẹpẹ mú. "Ọmọ ta ló ń sunkún yẹn?"

"Eku ni, Màámi."

"Gbé e fún ìyá ẹ̀."

"Ìyá ẹ̀ ò fẹ́ ẹ."

"Ta ló ṣe é bẹ́ẹ̀?"

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n yìn. "Èmi ni."

"Kí ló máa wá gbẹ̀yìn wọn?"

"Òtútù á pa wọ́n. Ohun tí a fẹ́ mọ̀ ni bó ṣe máa pẹ́ tó."

 Màámi dúró síwájú àgò náà títí ẹ̀gbọ́n mi fi pa ẹ̀rọ. Ó pa á tán, wọ́n ṣì dúró, orí wọn tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí ẹni tó ṣì ń gbọ́ ọ.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni "ẹ" bẹ̀rẹ̀.

A gbé màámi lọ sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà ní ọpọlọ wọn pé ju tòun alára lọ. Wọ́n mọ ọjọ́, wọ́n mọ orúkọ gbogbo ará àdúgbò, wọ́n tilẹ̀ bá a dá àpárá lórí ikùn rẹ̀ tó yọ síta. Ṣùgbọ́n nígbà tó nawọ́ sí ẹ̀gbọ́n mi, tó bi wọ́n pé ta nìyí, wọ́n ronú kí wọ́n tó fèsì.

"Mo mọ̀ pé mo bí i," ni wọ́n wí jẹ́ẹ́. "Mo rántí ìrora ẹ̀. Ọmọ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n tí mo bá wò ó báyìí, Dókítà, bí ìgbà tí mo ń wo yín náà ni."

Ẹ̀gbọ́n mi sáré jáde. Mo bá a níbi tó fi orí ti ògiri. Kí n má parọ́, àánú ẹ̀ ṣe mí, ṣùgbọ́n mo sọ nínú mi pé èmi nìkan ló wá kù lọ́mọ wọn. Ayọ̀ mi ò tọ́jọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo gbé tíì wọ yàrá màámi, wọ́n sì fi sùúrù gbà á lọ́wọ́ mi. "Ẹ ṣeun, ìyá aránṣọ," ni wọ́n wí. "Ṣé ilé yín ò jìnnà síbí?"

Mo padà sídìí ẹ̀rọ mi, mo sì rán aṣọ oníbàárà ní òdì.

Ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ló fa ẹ̀jẹ̀ màámi lọ sí ilé ìwádìí. Nígbà tó padà, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀.

"Kò sí họ́mónù yẹn lára wọn, ẹ̀kán kan ò sí," ló wí. "Ẹ́ńsáìmù ló kún inú ẹ̀jẹ̀ wọn. Bó ṣe wà lára àwọn eku mi gẹ́lẹ́ ni. Mi ò fún wọn ní nǹkan kan o, àbúrò mi. Mo fi ọmọ tí mi ò tíì bí búra."

"Kí ló wá dé ara wọn?"

Ó bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ọ̀rọ̀ tí a ò mọ gbòǹgbò rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ní òun á gé e lókè. Ó po họ́mónù náà sínú ìgò kékeré kan, èyí tí a máa ń fín sí ihò imú. Màámi ò jà. "Bí ẹ bá ti ní ó dáa," ni wọ́n wí, wọ́n sì gbé orí sókè fún un bí ọmọ iléèwé.

Kò pẹ́ tí oògùn náà fi ṣiṣẹ́. Ojú màámi rọ̀, ara wọn móoru. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi máa rí i, iwájú bùbá wọn ti tutù. Ìyá arúgbó, eyín ẹnu wọn ò pé mọ́, omi ọyàn ń sọ̀ lára wọn. Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́kún ayọ̀, ó dì mọ́ wọn.

"Màámi, èmi nìyí. Ojú yín nìyí."

Màámi rọra yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò lọ́rùn wọn. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa ohùn mọ́lẹ̀," ni wọ́n wí. "Ẹ ò gbọ́ wọn ni?"

Wọ́n dìde, wọ́n wá sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, wọ́n ṣa àwọn ègé aṣọ tó bọ́ sílẹ̀. Wọ́n fi eyín ya á sí tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́. Wọ́n kó o lọ sí igun yàrá wọn, wọ́n fi ṣe ìtẹ́, wọ́n sì ká ara wọn sínú rẹ̀ pẹ̀lú àyà ní gbangba.

Láti ọjọ́ náà ni wọn ò ti sùn sórí bẹ́ẹ̀dì mọ́. Bí mo bá gbé oúnjẹ wọlé lọ́sàn-án gangan, tí oòrùn ń ti ojú fèrèsé wọlé, mo máa ń rí àwọn ègé aṣọ náà tí wọ́n ń mì lábẹ́ apá wọn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí atẹ́gùn. Gbogbo àyà wọn kún fún àmì pupa kéékèèké, bí ibi tí ẹnu ti fà á. Bí wọ́n ti ń jẹun tó, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń rù. Egungun èjìká wọn yọ. Ṣùgbọ́n n kò rí wọn kí inú wọn dùn tó bẹ́ẹ̀ rí, àní nígbà tí wọ́n ń tọ́ èmi àti ẹ̀gbọ́n mi.

Ẹ̀gbọ́n mi dá oògùn dúró. Omi ọyàn ò dúró. Ó tún fa ẹ̀jẹ̀ wọn, ó ní oògùn òun ti tán nínú rẹ̀ pátápátá. Níkẹyìn, ó fa ẹ́ńsáìmù tirẹ̀ sínú abẹ́rẹ́, ó sì gbé e wá. Ó ní bí a ò bá dá a dúró, ara màámi á gbẹ tán ni.

Ó kúnlẹ̀ létí ìtẹ́ náà. Màámi rí abẹ́rẹ́. Wọ́n fa aṣọ bo ohun tó wà lábẹ́ apá wọn.

"Ìwọ," ni wọ́n wí.

Ẹ̀gbọ́n mi sún mọ́ wọn kíá, ojú rẹ̀ tàn. Ó ti pẹ́ tó ti gbọ́ "ìwọ" lẹ́nu wọn. Ṣùgbọ́n èmi tí mo dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ irú èyí tó jẹ́. Èyí tí a fi ń bá olè wí ni.

"Ìwọ lo ní ìyá wọn ò fẹ́ wọn. Mo dúró níbẹ̀, mo sọ nínú mi pé èmi fẹ́ wọn. Mi ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n gbọ́. Kí a tó délé ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á."

"Kí ni wọ́n gbà, Màámi?"

"Èyí tó jẹ́ tìrẹ àti ti àbúrò rẹ."

"Ẹ fún wọn, kí ẹ sì fún àwa náà. Ẹ jọ̀ọ́."

"Ọ̀kan ṣoṣo ni. Kò ṣe é bù pín. Ṣé wọn ò kọ́ ọ ní iléèwé ni?" Èémí wọn ń ṣe gbọ̀-ọ́n-gbọ̀-ọ́n. "Ẹ̀yin sì ti yó. Ó pẹ́ tí ẹ ti ń mu ún. Àwọn wọ̀nyí ò tọ́ ọ wò rí."

"Èmi ni ọmọ yín!"

"Mo mọ̀," ni màámi wí. "Mo mọ̀ ọ́n nígbà tí mo yọ̀ǹda ẹ̀."

Mo rí ojú ẹ̀gbọ́n mi. Ká ní mo fẹ́ dá a dúró ni, ǹ bá dá a dúró. Ó fi orúnkún tẹ apá màámi mọ́lẹ̀, ó sì gún wọn lábẹ́rẹ́.

Omi ọyàn náà gbẹ lójú wa. Màámi pariwo ẹ̀ẹ̀kan. "Wọ́n ń tutù," ni wọ́n ń wí, "ẹ gbà mí, wọ́n ń tutù," wọ́n ń wá aṣọ fà bo inú ìtẹ́ náà, wọ́n ya bùbá ọrùn wọn, wọ́n fi bò ó. Mo di ọwọ́ wọn mú. Ó ti dà bí irin. Mo kó gbogbo aṣọ tó wà nínú ilé lé wọn lórí, ti oníbàárà, ti wa, a ṣí fèrèsé kí oòrùn lè wọlé. Kí oòrùn náà tó kúrò lórí ilẹ̀, màámi ti lọ.

Nígbà tí a gbé wọn sókè, a rí inú ìtẹ́ náà. Àwọn ihò róbótó róbótó wà nínú àwọn ègé aṣọ náà, púpọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ò ju àtàǹpàkò lọ. Mo fọwọ́ kàn án. Ó ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ẹ̀gbọ́n mi padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó ránṣẹ́ pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kan. Mo bá a nínú yàrá funfun náà, irun orí rẹ̀ ò rí òòyà. Ẹ̀rọ ohùn wà ní títàn, kò sì sí ohùn kankan tó ń jáde.

"Wò ó," ló wí.

Nínú gbogbo àgò, àwọn ìyá eku ti kó ọmọ wọn jọ. Wọ́n ká ara mọ́ wọn, wọ́n ń fún wọn lọ́yàn. Ikùn àwọn ọmọ náà funfun fún omi ọyàn.

"Ṣé o ti wò wọ́n sàn nìyẹn?"

"Mi ò fún wọn ní nǹkan kan. Mo yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Jíìnì tí mo yí padà ṣì wà bó ṣe wà. Kò sí họ́mónù, ẹ́ńsáìmù ló kún bẹ́ẹ̀. Kò sí nǹkan kan lára wọn tó yẹ kó mú wọn ṣe é." Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, èyí tó ti tì bọ inú àgò, síwájú imú mi. "Àmọ́ mo mọ òórùn tó wà nínú àgò yẹn. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n."

Mo gbóòórùn rẹ̀. Òórùn ọrùn màámi ni, ibi tí a máa ń fi orí sí nígbà tí a wà ní kékeré.

Ó ṣí àgò kan, ó ti ọwọ́ rẹ̀ bọ inú rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ lórí èérún igi, kò mì. Ìyá eku náà gbé imú sókè. Ó wá, ó gbóòórùn ìka rẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yí padà, ó fi ẹnu gbé àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kó wọn lọ sí igun tó jìnnà jù, ó sì fi èérún igi bò wọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi ò yọ ọwọ́ rẹ̀, bí ọmọ tó ń retí kí ìyá rẹ̀ mọ òun. Mo ti rí i lápá rẹ̀ pé kì í ṣe òní ló ti bẹ̀rẹ̀. Àmì eyín wà níbẹ̀, tuntun lórí ògbólógbòó.

"Jẹ́ ká máa lọ sílé," ni mo wí.

Ó túbọ̀ ti ọwọ́ rẹ̀ wọ inú àgò náà.  Lẹ́yìn náà mo ká ọwọ́ aṣọ mi sókè, mo ṣí àgò tó tẹ̀ lé e, mo sì ti ọwọ́ tèmi bọ inú rẹ̀.