Ta Ló Ní Kí O Fọ̀ Ọ́?

Mísísì Àkàngbé ju ìwé Shakirat sórí tábìlì rẹ̀. Lọ́dún 1974 yìí, ìwé ìtàn tí wọ́n ń kà fún ìdánwò àṣejáde ní Yaba dá lórí ọkùnrin kan tó ń ṣọ́ géètì. Wọ́n ti wó ilé tó wà lẹ́yìn géètì náà, síbẹ̀ ọkùnrin yìí ń ṣí i láràárọ̀, ó ń tì í lálaalẹ́. Olùkọ́ bi wọ́n pé kí ló dé tí kò fi ṣíwọ́. Ìlà kan péré ni Shakirat kọ: òmùgọ̀ ni, asán ni ayé rẹ̀, asán sì ni ti gbogbo wa.

"O ò wá ìdí kankan," ni olùkọ́ wí. "O kàn fi í rẹ́rìn-ín ni. Lọ tún un kọ, kí o mú un wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè."

Ọláolú ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ fún un lọ́nà pé ẹni tó ti mọ̀ pé asán ni kò ní nǹkan kan láti tún kọ. Tìbínú-tìbínú ni Shakirat fi dé Mushin.

Àáfà Sàlíhù, bàbá rẹ̀, ní ilé-kéú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn. Tàdáwà ni ó fi ń kọ ẹsẹ kéú sára wàláà, pátákó onígi, fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Bí ọmọ bá ti kà á lórí níwájú Àáfà, wọn a fọ wàláà náà, wọn a kọ òmíràn sí i. Ẹnikẹ́ni kì í fọ wàláà ọmọ tí kò tíì kà á.

Lọ́sàn-án Sátidé, Àáfà ní kí Shakirat fọ wàláà àwọn tó ti kà, ó sì lọ sí Pápá Àjàó. Ti Sìmíátù, àbúrò Shakirat, nìkan ló dá dúró lára ògiri. Apá tó kẹ́yìn kí ó tó ṣe wòlímọ̀, ayẹyẹ ìparí kéú, ló wà lára rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni yóò kà á. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò ṣe wòlímọ̀, yóò ku òun.

Shakirat ń wo bí tàdáwà ti ń ṣàn dúdú sínú bàsíà. Wọ́n kọ, wọ́n fọ̀, wọ́n tún kọ. Kí ni èyí fi yàtọ̀ sí ti onígéètì? Ó fa wàláà Sìmíátù, ó sì fi kànrìnkàn ha á títí igi fi funfun.

Sìmíátù ti Tejuoso dé pẹ̀lú ìborùn funfun tuntun. Ó wo wàláà, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Láti ìgbà tó ti ń sọ̀rọ̀, "ẹ" ló ń pè é, kì í pè é ní "o".

"Ta ló ní kí o fọ̀ ọ́?"

"Wọ́n ṣáà máa fọ̀ ọ́ náà lọ́la."

"Mi ò tíì mọ̀ ọ́n."

Nígbà tí Àáfà dé ní ìrọ̀lẹ́, Shakirat ro ẹjọ́ onígéètì fún un. Ohùn bàbá kò ròkè.

"Ilé wà lẹ́yìn géètì tibí. Orí àbúrò rẹ ni. Ìwọ lo wó o nígbà tó ń kọ́ ọ lọ́wọ́. Ó yá, kọ ọ́ padà."

"Bàbá, ọjọ́ ti pẹ́ tí ẹ ti fọ tèmi. Mi ò rántí."

"Mo ní kí o kọ ọ́."

Shakirat fi ìbínú ki kálámù bọ tàdáwà. Ọ̀rọ̀ kìíní wá. Èkejì tẹ̀ lé e. Ọwọ́ rẹ̀ ń lọ, ẹnu rẹ̀ ń kà á, títí wàláà fi kún. Ibì kan ṣoṣo ni bàbá fi àtàǹpàkò tún ṣe. Omi ti gbé e kúrò lára igi láti kékeré rẹ̀. Kò gbé e kúrò nínú rẹ̀. Ojú tì í débi pé kò lè gbé orí sókè.

Ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ ti lọ mọ́ Sìmíátù lọ́wọ́. Lówùúrọ̀ Sọ́ńdè, ó kà á dáadáa títí ó fi ku díẹ̀ kó parí, ó wá kọsẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe wòlímọ̀. Òun jókòó sẹ́yìnkùlé, ìborùn funfun rẹ̀ ká lórí itan.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, Shakirat fún Mísísì Àkàngbé ní ìdáhùn tuntun: "N kò mọ ìdí tí onígéètì kò fi ṣíwọ́, nítorí mo pè é ní òmùgọ̀ kí n tó wo iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí kò mọ ohun tí iṣẹ́ kan ń kọ́ sínú ẹni tó ń ṣe é kò lẹ́tọ̀ọ́ láti pè é ní asán, ká má tíì sọ pé kó bà á jẹ́."

Nígbà tó délé, ó gbé wàláà tó kọ padà dúró níwájú Sìmíátù. Sìmíátù kò kí i, kò sì wo ojú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti òkè.